Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Porsche 944 Àtijọ́ Di Ọkọ̀ Ìdíje: Ẹ́ńjìnnì Ló Kẹ́yìn

Ẹni tó bá wa Porsche 944 wọ ọgbà mẹkáníìkì n'Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí òun yóò máa fi sáré ní pápá ìdíje, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì wo lẹ fẹ́ ká gbé sí i?" A ò lè bá mẹkáníìkì wí, torí ariwo ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ eré ọkọ̀. Àmọ́ ohun tó sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró ní pápá ni ooru, àti ọ́ìlì tó sá kúrò níbi tó yẹ kó wà, àti bíréèkì tí wọ́n tẹ̀ tó rì wọlé láìdáhùn. Ibẹ̀ ni owó ń kọ́kọ́ lọ. Agbára ẹṣin ló wà nídìí ìlà.

Ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Porsche ní Jámánì gbé 944 jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1991. Písítìnnì mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lítà 2.5, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Yúróòpù sì ní agbára ẹṣin 163. Camry onílítà 2.4 tó kún títì láti Challenge dé Ìwó Road kò jìnnà sí iye yẹn. Ohun tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré fún ìgbádùn rí lára 944 ni bí wọ́n ṣe pín ẹrù rẹ̀: ẹ́ńjìnnì wà níwájú, gíàbọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn, páìpù gígùn kan tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀ ló so méjèèjì pọ̀. Nínú nǹkan bí 1,180 kg tó wọ̀n, iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dọ́gba, torí náà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń yí kọ́nà. Ètò yìí kan náà ló ń fojú mẹkáníìkì rí màbo. Kí ọwọ́ tó dé kíláàṣì, sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, páìpù yẹn náà gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá sọ láàárọ̀ pé òun á parí ẹ̀ kí wọ́n tó kírun Àsárì, kò tíì tú ọ̀kan rí.

Bíréèkì ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ eré di ooru, ìṣirò ooru náà sì le: tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní ọkọ̀ àti ẹni tó ń wà á wọn 1,200 kg, tó ń bọ̀ ní 160 km/h, tó sì ní láti balẹ̀ sí 60 km/h kó tó wọ kọ́nà. Ooru tó máa tú jáde nínú ìtẹ̀ kan ṣoṣo yẹn tó láti gbé omi àmàlà lítà mẹ́ta hó, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin. Kọ́nà mìíràn ń bọ̀ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Páàdì ọkọ̀ títì á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, á máa yọ̀ lórí dísìkì, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní dì mú mọ́. Páàdì eré ń fara dà á, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dì mú nígbà tó bá tutù, ìyẹn ni kò fi bójú mu láti gbé e wọ ìgboro Mókọ́lá.

Ọ̀tá tó sá pamọ́ wà nínú ọ́ìlì bíréèkì fúnra rẹ̀. DOT ni wọ́n fi ń pe ìpele ọ́ìlì náà: DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ fara da ó kéré tán 205°C kó tó hó, DOT 4 gbọ́dọ̀ dé 230°C, DOT 5.1 gbọ́dọ̀ dé 260°C. Èyí tí wọ́n ṣe fún eré nìkan máa ń kọjá 300°C. Gbogbo wọn ló ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tó ti mu omi, 155°C péré ni òdiwọ̀n rẹ̀ já sí. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ìgò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí pẹpẹ kò ṣeé fọkàn tán. Bí ọ́ìlì bá hó, á di afẹ́fẹ́ nínú páìpù bíréèkì. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, nítorí náà pẹ́dà á lọ kanlẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ẹni tó bá lọ rà á ní Àràròmí ní Gate, èyí tí wọn ò tíì já ìdérí rẹ̀ ni kó mú, kó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kó sì tú ti inú ọkọ̀ dà nù kí ìdíje kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan olówó pọ́ọ́kú kan tún wà tó ń ràn án lọ́wọ́: ihò méjì ní bọ́ńpà iwájú, pẹ̀lú rọ́bà tó ń fara da ooru tí wọ́n nà láti ibẹ̀ dé àárín dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa fẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló le jù nínú ọkọ̀ yìí. Ní títì, ọ́ìlì jókòó sí ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹnu páìpù kan sì wà nínú rẹ̀ tí pọ́ńpù fi ń fà á sókè. Ní pápá, ọkọ̀ lè wà nínú kọ́nà gígùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ipá tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọ́ìlì á gun ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹpù lọ, ẹnu páìpù á ṣófo, pọ́ńpù á máa fa afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀, bíárìn tó wà láàárín kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kíráńkì) àti kíráńkì (ọ̀pá ńlá tí písítìnnì ń yí) kì í fara kan kíráńkì nígbà tí nǹkan bá wà déédéé. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló máa ń là wọ́n láàárín. Bí ìyẹn bá já, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, bíárìn á yọ́, ohun tó kù kò nílò àlàyé fún ẹnikẹ́ni tó ti dúró ní ọgbà mẹkáníìkì rí: kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Nínú 944, bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù kejì ló lókìkí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò sínú sọ́ǹpù, tó ní ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo: ọ́ìlì lè wọlé sọ́dọ̀ ẹnu páìpù, kò lè sá jáde. Álúmíníọ̀mù ni sọ́ǹpù náà, torí náà wẹ́dà tó ń jó géètì lójú ọ̀nà kọ́ ni wọ́n ń gbé e fún. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìjórin TIG, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí álúmíníọ̀mù, ni. Àwọn mìíràn ń so àgbá kékeré kan mọ́ ọn tí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí agbára ọ́ìlì bá jákulẹ̀, àgbá náà á ti èyí tó fi pamọ́ wọlé. Kúlà ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ni pé kí wọ́n pààrọ̀ àwọn bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù kí ọkọ̀ tó fojú kan pápá rárá, kí wọ́n sì pààrọ̀ tàímíìnì bẹ́ẹ̀lìtì pẹ̀lú, torí bó bá já, fáàfù á gbá písítìnnì. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n fi èyí tó wà lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ sí i.

Rédíétọ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdíje kì í gba kúláǹtì láàyè, torí tó bá dà sójú ọ̀nà, ó ń yọ̀ bíbanilẹ́rù. Ibi tí omi ti ń dì ni wọ́n ti nílò rẹ̀ jù. Omi mímọ́ àti oògùn ìpẹtà tó fún ọkọ̀ Ìbàdàn.

Àgò irin inú ọkọ̀ ni ibi tí ìlànà ti le jù, ó sì yẹ kó le. Òun ni kì í jẹ́ kí òrùlé tẹ̀ mọ́ orí awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ìwé òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé, sọ pé páìpù tí wọ́n fà ní tútù, tí kò ní ojú ìsopọ̀ lára, ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Òpó tó wà lẹ́yìn ìjókòó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 45 mm kó sì nípọn tó 2.5 mm, tàbí 50 mm pẹ̀lú 2 mm. Wọn kì í fi iná rọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ní tútù. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti balẹ̀, irin pẹlẹbẹ onínípọn 3 mm ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, torí páànù ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan á lu. Àwọn wẹ́dà tó mọṣẹ́ pọ̀ n'Ìbàdàn, àmọ́ páìpù tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́gílárì ojú fèrèsé, ní ojú ìsopọ̀ láti orí dé ìdí. Ojú yẹn ló máa kọ́kọ́ là. Àgò tó dùn ún wò tí wọ́n fi irú páìpù bẹ́ẹ̀ ṣe burú ju kò sí rárá lọ, torí pé ó ń fi awakọ̀ lọ́kàn balẹ̀.

Bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà ló ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìjókòó tó gba ara mọ́ra, àṣíborí, àti HANS, ohun èlò èjìká tí kì í jẹ́ kí ọrùn fà síwájú bí ọkọ̀ bá sọ lu ògiri. Láti 2003 ló ti jẹ́ dandan nínú Formula One. Bẹ́líìtì ìdíje ní ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa ń pé, a sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ lè máa dán gbinrin kí oòrùn ti jẹ òwú inú rẹ̀ tán.

Kí àgò náà tó wọlé ni wọ́n ti ń tú ọkọ̀ sí òfìfo: káàpẹ́ẹ̀tì, rédíò, ìjókòó ẹ̀yìn, AC. Ẹni tó bá fẹ́ yọ AC kúrò lè ronú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí aṣọ ìdíje tí iná kì í tètè jó wúwo lára, oòrùn oṣù kẹta kì í sì í ṣeré.

Ṣọ́kù àti sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n ń fi sí i, rọ́bà búṣì tó ti gbó á sì kúrò. Kí wọ́n ṣọ́ra fún ìrẹ̀sílẹ̀ àṣejù. Bí iwájú bá lọ sílẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì á dé òpin ibi tó lè yí dé, ìdí rẹ̀ sì lè kán. Ní ti táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà eré tó ti pẹ́ a máa le bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dára, kì í sì í di ilẹ̀ mú mọ́.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni a tó lè dá mẹkáníìkì lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ìdáhùn tó dára jù ni pé kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tuntun tó ní agbára ẹṣin 163 àti bíréèkì tó ń dáhùn máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ kíákíá ju ẹni tó ní 300 tó ń bẹ̀rù kọ́nà lọ.

Ibi ìdánwò kì í ṣe òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí 100 km/h ti jẹ́ òpin eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Pápá tí wọ́n kọ́ fún eré ni, irú Kyalami lẹ́bàá Johannesburg, tí wọ́n ṣí ní 1961, tí yípo rẹ̀ lónìí ju kìlómítà mẹ́rin àbọ̀ lọ. Ní yípo tó kẹ́yìn, wọ́n á rọra wà á láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, kí atẹ́gùn lè tu gbogbo ẹ̀ lára. Tí wọ́n bá dúró, wọn kì í fa háńdì bíréèkì, torí irin tó ń jó ni yóò dì mọ́. Kí wọ́n ki jíà bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òkúta dí táyà, kí wọ́n sì yára wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó tutù.