Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Bọ́jú Ara Wọn

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni ìkẹta irú rẹ̀ láàárín oṣù kan. Wọ́n ní kí n wá wo màmá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹjẹrẹ ọmú tó ti tàn dé egungun. Àkọ́bí wọn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọ̀nà o. Màmá ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Àwa là ń wẹ̀ wọ́n, àwa là ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, Pampers ni wọ́n ń lò."

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Fisiotẹ́rápíìsì ni mí, ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kó lè máa dìde, kó máa rìn, kó sì máa lo ara rẹ̀; ọdún 5 ni mo fi kọ́ ọ ní yunifásítì, kì í ṣe iṣẹ́ ká fi òrí pa ẹsẹ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n mo ti ń dáhùn sí nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò dùn mí mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo àjà. Bí ọmọ ṣe jáde lọ gbé fóònù ni màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n rọra ní, "Ọmọ mi, mo lè lọ sílé ìtọ̀ o. Wọ́n ní mo ń pẹ́ jù ni."

Wọ́n ń pẹ́ jù! Nítorí náà ni wọ́n ṣe de Pampers mọ́ ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ re àdìrẹ, tó fi tọ́ ọmọ mẹ́fà.

Mo ní kí wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ wá. A gbé màmá jókòó, mo gbé abọ́ lé wọn lẹ́sẹ̀, mo fún wọn ní tówẹ̀lì kékeré. Ọwọ́ òsì ni wọ́n lò, torí ọwọ́ ọ̀tún ti wú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọmú ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ọwọ́ ń gbọ̀n. Wọ́n nu iwájú orí, wọ́n nu ẹ̀yìn etí, wọ́n wá padà sí kòtò ẹ̀gbẹ́ imú, wọ́n nu ún lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ilé ò lè mú un mọ́ra, ó na ọwọ́ láti gba tówẹ̀lì. Mo di ọwọ́ ìyàwó mú. Aago ara ògiri ni mo ń wò: ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n béèrè dígí.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn gbé ife omi fúnra rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ní kò tọ́jú ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìfẹ́ yìí ń bà jẹ́.

Bí ẹ bá gbé aláìsàn jẹjẹrẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà, nọ́ńbà kan wà tó máa ń kọ sínú fáìlì, láti 0 dé 4. 0 ni ẹni tó ń ṣe gbogbo nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀. 1 lè ṣe iṣẹ́ tí kò le. 2 ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, àsìkò tó fi wà lórí ìdúró tàbí tó ń rìn kiri sì ju ìdajì ojúmọmọ lọ. 3 ń ṣe díẹ̀ fún ara rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. 4 ò lè ṣe ohunkóhun. Nọ́ńbà yìí wà lára ohun tí dókítà ń wò kó tó pinnu bóyá ara aláìsàn á lè gba kẹmó, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà. Ó dáa, ọmọ tó ní "wọn ò lè dìde", nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n dìde, ṣé ẹ rí i pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ 2 di 4? Ohun tí èèyàn lè ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ẹ jẹ́ kó ṣe.

Bó bá sì pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, irọ́ yẹn á di òótọ́. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbàlagbà tí kò sí àìsàn kankan lára wọn: ọjọ́ 10 lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹran ẹsẹ̀ wọn fi nǹkan bíi kílò 1 dín kù. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti ń jẹ lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àga. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá dé ọ̀run, àga ni màá kọ́kọ́ béèrè. Kò burú. Àga kúṣìn inú pálọ̀ yín, tí ẹ fi owó ńlá rà yẹn, ọ̀tá aláìsàn ni. Ó rì, ó jìn, ó ń gbé èèyàn mì. Àga rọ́bà ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n ń háyà fún òde ìnáwó, kó ṣáà ti ní apá. Ẹ to méjì léra wọn, á ga díẹ̀ sí i, á sì tún le dáadáa. Ẹ gbé e ti ògiri kó má baà sá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ìdí má rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí wọ́n sún ìdí wá sí etí àga, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí tí gìgísẹ̀ á fi wọ abẹ́ orúnkún, kí wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ti apá àga sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abíyá wọn kí ẹ máa fà wọ́n bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu, egungun tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ kì í pẹ́ ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́: dìde, jókòó. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ti tó. Ẹni tó bá ṣì lè dìde lórí àga, ilé ìtọ̀ ò tíì jìnnà sí i.

Ìwẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n jókòó wẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Bí ìrora bá máa ń yọ wọ́n lẹ́nu tí ara bá mira, tí dókítà sì ti fún wọn ní mọfíìnì olómi tí wọ́n lè lò nígbà tí ìrora bá dé, kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi ìwẹ̀ tó délẹ̀. Ẹ má gbàgbé oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ tí wọ́n fún yín mọ́ ọn, torí mọfíìnì máa ń dí inú pa. Ẹni tó bá sọ pé mọfíìnì ló ń pa aláìsàn, kó lọ bá dókítà tó kọ ọ́ jiyàn.

Ìgbà kan sì ń bọ̀ tí gbogbo eré ìdárayá yìí á dópin, nígbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀, tí oorun ń pọ̀, tí omi pàápàá ò fẹ́ lọ mọ́. Nígbà yẹn, ẹ má fi àga mi da ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹ máa yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa fi omi tutù ra ètè wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń dé inú ilé kí èmi tó dé. Ọwọ́ tó wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú, wọ́n á ní omi burúkú ló wà níbẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí i. Omi tí ara ò rí ọ̀nà fà padà mọ́ ni! Ojú gbẹ́rẹ́ kékeré yẹn ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé, títí gbogbo apá á fi pọ́n, tí á gbóná bí ààrò. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èyí tó ń jí mi lóru ni ti bàbá kan ní Òkè Báálẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì. Jẹjẹrẹ próstéètì ni, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n fún bí oṣù kan, ó sì máa ń le sí i lóru nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ń yẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn láìmọ̀. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Wọ́n pe onífọwọ́ra wá, ó fi òrí àti ata ra ẹ̀yìn wọn, ó gun un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé àdúrà, ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹfà, ìtọ̀ dúró. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ikùn le bí ìlù.

Jẹjẹrẹ ti jẹ egungun ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ti tẹ mùdùnmúdùn tó wà nínú rẹ̀ pa, èyí tí ọpọlọ ń gbà rán ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀ níṣẹ́. Ẹ̀yìn tó ń dun ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tí ẹsẹ̀ wá ń rọ, tàbí tí ìdí ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ń ṣòro, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn, kódà bó bá jẹ́ aago méjì òru. Abẹ́rẹ́ wà tó ń fa wíwú mùdùnmúdùn náà sẹ́yìn, ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ wà ní UCH Ìbàdàn. Ẹni tó bá ṣì ń rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rìn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ṣọ̀wọ́n kó padà.

Ti bàbá ò padà. Àga rọ́bà méjì ni mo tò léra fún wọn lẹ́bàá fèrèsé, a ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdí wọn bọ́ sórí rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n ara wọn níbẹ̀, wọ́n ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wọn tún pè mí, ó ní ẹnì kan ní Ìkìrun ní epo kan tó ń gbé arọ dìde. Mo bi í pé ṣé epo náà lè yọ egungun kúrò lórí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ní òun á bi wọ́n léèrè.