"Kò Sí Nǹkan Nínú Rẹ̀"

Gbogbo ìbọn tí ẹ bá gbé wá fún wa láti tún ṣe, gbólóhùn kan náà ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé: "Ọ̀gá, kò sí nǹkan nínú rẹ̀." Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? A kì í rí ẹni dáhùn. Ọdẹ láti Ìdànrè á so ṣakabùlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà, ẹnu ìbọn á kọjú sí etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn, wọ́n á sì máa ta pọ́n-ún nínú kòtò títí wọn yóò fi wọ Àkúrẹ́. Ẹlòmíì á gbé ẹlẹ́nu méjì sí búùtù tòun ti kàtíríìjì nínú rẹ̀, nítorí àwọn adigunjalè ojú ọ̀nà Ọrẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ ṣí búùtù níwájú adigunjalè?

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò ní gùn lẹ́nu mi, ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Òfin ìbọn ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà wà láyè tirẹ̀. Ẹlẹ́nu kan, ẹlẹ́nu méjì àti ráífù ìṣọdẹ tí kì í ṣe ti ológun wà láyè tiwọn, ọ̀gá àgbà pátápátá àwọn ọlọ́pàá ló sì ni ìwé wọn. Ìbọn ìléwọ́ àti pọ́ǹpù-ákíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kó tó gbé ọta wọlé, ó di ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ẹni tí wọ́n bá ká irú ìyẹn mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún 10. Ìwé tí àbúrò yín gbà ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ló mọ. Káàdì ẹgbẹ́ ọdẹ kì í ṣe ìwé ìbọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìbọn náà, kì í ṣe dírẹ́bà rẹ̀. Bí bàbá yín bá sì ti kú, ìwé rẹ̀ ti bá a lọ. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá kí ẹ tó gbé ìbọn rẹ̀ jáde nílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ inú ìbọn wò. Ẹlẹ́nu méjì kò ṣòro: ẹ ṣẹ́ ẹ ní ìdí kó ṣí, ẹ yọ kàtíríìjì, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ihò méjèèjì já. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, nǹkan wà níbẹ̀. Kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ wò ó já? Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n ẹnu ìbọn àti kàtíríìjì, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ló ń tín-ín-rín sí i: kàtíríìjì 20 tín-ín-rín ju ti 12 lọ. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi í sínú ìbọn 12, á yọ́ lọ síwájú, á há síbẹ̀, ìdí ìbọn á sì dà bí ẹni pé kò gba nǹkan kan. Ẹni tó bá wá fi 12 ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó sì yìn ín, irin á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣakabùlà ni kò ṣeé wò já, torí ìdí rẹ̀ dí. Ẹ má gbé e wò bóyá ó wúwo. Ẹ má fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹni tó gbé ẹnu lé ẹnu ìbọn, orí ara rẹ̀ ló gbé kalẹ̀. Ọ̀pá ìkibọn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ́kọ́ yọ kápù, ife irin kékeré tó ń tan iná sí ẹ̀tù, kúrò níbi tí òòlù ti ń lù ú. Ní ọjọ́ tí ó bá dá yín lójú pé ìbọn ṣófo, tí ẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan irin ìdí, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá àmì sára rẹ̀ níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àmì yẹn bá yọ sókè ju ẹnu ìbọn lọ, ìbáà ṣe ìka kan péré, nǹkan wà nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ní àmì, ẹ yọ ọ̀pá, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin níta, kí ẹ wò ó bóyá ibi tó wọ̀ dé bá ibi tí iná kápù ń gbà wọlé mu. Ìka méjì ni ẹ ó fi mú ọ̀pá náà, ẹ ó dẹ ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú yín kò ní wà lókè rẹ̀. Ẹ má gún un bí odó.

Bí ẹ bá bá nǹkan níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má da omi sí i kí ẹ wá sọ pé ẹ̀tù ti kú. Ẹ̀tù tó tutù lè gbẹ. Ẹ yìn ín sí ògiri ilẹ̀ gíga nínú oko, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọta jáde.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ta ońdè, pé bí ẹ bá so ó mọ́ ìbọn, kò ní dún àfi tí olówó rẹ̀ bá fẹ́. Òòlù lu kápù, kápù tan iná, ẹ̀tù gbiná. Níbo ni irin ti máa rí etí gbọ́ ọfọ̀? Ayẹta tún burú ju ìyẹn lọ. Lórílẹ̀-èdè yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ìwé ìròyìn ti gbé e pé ẹnì kan ní kí wọ́n yìnbọn lu òun kí òun fi dán ayẹta wò, tó sì kú síbẹ̀. Ìbọn tí wọ́n fi ẹ̀tù àti àkísà nìkan ki á dún bí èyí tó ní ọta. Ọgbọ́n tí oníṣègùn èké lè fi gba owó yín nìyẹn. Kódà àkísà yẹn, bí ó bá jáde nítòsí ara, ó lè pa èèyàn. Ẹ bọ Ògún yín, ìpínlẹ̀ Òǹdó nìyí, kò sẹ́ni tó ń fi Ògún ṣeré. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ kápù.

Nínú mọ́tò, ìbọn tó ti ṣófo á wà nínú àpò ní búùtù, kàtíríìjì á wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ níbòmíì. Ìwé á wà lápò aṣọ yín, nínú ọ̀rá. Ẹ má fi í sínú àpò ìbọn, torí ọlọ́pàá tó bá rí yín tí ẹ ń fi ọwọ́ wá nǹkan nínú àpò ìbọn kò ní dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ tan iná inú mọ́tò, ẹ gbé ọwọ́ lé sítíárì, kí ẹ fi ẹnu sọ ọ́ kí ó tó bi yín: "Ìbọn wà ní búùtù, ìwé rẹ̀ rèé." Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù ní Àkúrẹ́, kó ti bá ilé-iṣẹ́ bàálù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Inú ẹrù abẹ́ bàálù ni ìbọn ń wọ̀, ní òfìfo, nínú àpótí títì. Kàtíríìjì kò gbọdọ̀ ju kílò 5 lọ. Ẹ̀tù àti kápù kò wọ bàálù rárá.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, tiyín le jù. Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá, ẹ wọlé lọ́wọ́ òfìfo, kí ẹni tó wà ní èbúté wá na ìbọn sí yín, ìdí rẹ̀ ló máa ṣáájú. Ẹ má di ẹnu ìbọn mú fà á wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì yẹn, òòlù lè há mọ́ pákó. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gígùn ọkọ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí iwájú níbi tí èèyàn kò sí. Ẹ má gbé e kọ́ ọrùn: bí ọkọ̀ bá dojú dé, okùn rẹ̀ á há mọ́ yín lára, irin á sì máa fà yín lọ sísàlẹ̀. Àpò tí omi kò lè wọ̀ ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn pẹ̀lú okùn gígùn, á máa léfòó lókè ibi tí ìbọn bá rì sí. Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àti jálá epo wà, torí èéfín pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹ má sì dìde dúró yìnbọn nínú ọkọ̀ kékeré. Ìbọn á ti èjìká yín sẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín á sì ti ọkọ̀ sí òdìkejì.

Bí ẹ bá ti Ayétòrò dé, ẹ má fi di ọ̀la. Iyọ̀ òkun kì í sùn. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan irin; bí ẹ bá ti yin ṣakabùlà, omi gbígbóná ni kí ẹ lò, torí èérí ẹ̀tù máa ń fa omi mọ́ra. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́, kí ẹ tó fi epo ẹ̀rọ pa á. Kí ẹ sì tó tún un ki, ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ẹ wo àmì yẹn. Àkísà tí ẹ fi dí ẹnu rẹ̀ nítorí òjò lè ti sún wọ inú lọ.