Láti ìdí ọ̀pẹ dé ẹnu iṣẹ́: ọ̀nà bàyọ́lọ́jì ní Kétu àti Àjàṣẹ́

Àgbẹ̀ lè ṣa èkùrọ́ abẹ́ ọ̀pẹ rere gbìn, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́rin, kí igi náà wá so ẹyìn tí èèpo inú rẹ̀ le bí òkúta, tí epo rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ló gbó, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ìwé SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀) ọmọ kíláàsì terminale D, kíláàsì ìparí girama ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà.

Oríṣi mẹ́ta ni ọ̀pẹ. Èèpo èkùrọ́ dura nípọn. Pisifera kò ní èèpo, ṣùgbọ́n kì í sábà so. Bí wọ́n bá gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó pisifera fún dura, tenera ni gbogbo ọmọ wọn: èèpo fẹ́ẹ́rẹ́, epo yanturu. Ọ̀pẹ rere àgbẹ̀ yẹn, tenera ni; tenera àti tenera ló sì ń da ilé rú. Bí àwọn méjèèjì bá bímọ, ìdajì á jẹ́ tenera, ìdá kan nínú mẹ́rin á padà di dura, ìdá kan á sì di pisifera. Ìdí nìyí tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, tó ti wà láti ọdún 1922, fi ń fi àpò bo òdòdó abo, kí kòkòrò má baà gbé lẹ́búlẹ́bú àjèjì wọ inú rẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ á máa sọ ti ẹ̀wà tí Mendel, baba ìmọ̀ àjogúnbá, gbìn, ọ̀pẹ sì wà lẹ́yìn ògiri kíláàsì!

Ní Bẹ̀nẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Ọdún 4 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìdánwò BEPC, ọdún 3 sì kù kí wọ́n tó ṣe báàkì, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Láti kíláàsì seconde, àkọ́kọ́ nínú ọdún 3 náà, ni wọ́n ti ń yan séríì, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. A jẹ́ ti èdè, C jẹ́ ti ìṣirò àti físíìsì, D ló sì fún SVT láyè jù. Ọmọ tó bá bá ọ̀rẹ́ wọ A, tó wá ń lá àlá oníṣègùn lẹ́yìn báàkì, ti ṣi ọ̀nà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àwọn òbí kì í tètè mọ èyí.

Lẹ́yìn báàkì, ètò tí wọ́n ń pè ní LMD ló kàn: lísánsì (oyè àkọ́kọ́) ọdún 3, másítà ọdún 2, lẹ́yìn náà oyè ọ̀mọ̀wé (dókítà). Kírẹ́dítì 180 ni lísánsì. Ẹni tó bá fẹ́ bàyọ́lọ́jì gbogboogbò ń lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní FAST, ní yunifásítì Abomey-Calavi. Lísánsì yìí dára fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í gbé oúnjẹ wálé. Ó fẹ́ másítà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà á lọ sí iṣẹ́ olùkọ́ SVT.

Ti oníṣègùn, ibi tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, máàkì ló sì ń yan èèyàn.

Àwọn tó ń yára ríṣẹ́ ni àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ nǹkan kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga EPAC, tó wà ní Abomey-Calavi bákan náà, wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì, wọ́n á fi aró tí wọ́n ń pè ní Giemsa pa á láró, wọ́n á gbé e sábẹ́ míkírósíkóòpù, wọ́n á máa wá kòkòrò ibà. Ó ń gba sùúrù, ojú a sì máa rẹ èèyàn.

Ẹni tí kò fẹ́ jìnnà sílé ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè, tí ọdún 2013 bí gẹ́gẹ́ bíi yunifásítì Kétu. Irúgbìn, ewébẹ̀ àti òdòdó, ẹja sísìn: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irè oko kí ó má baà bàjẹ́ sì wà ní Sakété. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ibùdó Songhaï tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń kọ́ni ní oko àti ẹran sísìn láìbéèrè lísánsì. Ẹni tó kọ́ irúgbìn ní Kétu lè bá ara rẹ̀ lórí àkàbà ní ìdí ọ̀pẹ, àpò òdòdó lọ́wọ́.