Oṣù Kẹta dé, yìnyín ò tíì lọ o

Gbogbo ọdún ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwa Yorùbá tá a wà ní Denver, ní Colorado: "Irọ́ làwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ń pa." Kí ló dé? Fóònù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa gbóná dé dígírì 20 ti Celsius, Ọjọ́rú yìnyín máa bọ́. Wọ́n ní ìgbà ìrúwé ti wọlé, kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Oṣù Kẹta gan-an ni yìnyín máa ń pọ̀ jù ní Denver. Lóṣù Kẹta 2003, ọjọ́ mẹ́ta ni ínṣì 31.8 fi bọ́ sílùú. Lóṣù Kẹrin 1921, ní Silver Lake lórí òkè, ínṣì 75.8 láàrin wákàtí 24, ìyẹn ga ju ọ̀pọ̀ géńdé ọkùnrin lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé wọ́n á ní òkè sún mọ́ oòrùn, torí náà tí ìsàlẹ̀ bá ti gbóná, òkè gbọ́dọ̀ gbóná jù ú lọ. Àwọn tó kàwé dáadáa ló ń sọ ọ́ o. Oòrùn jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù kìlómítà 150, kí ni kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta fẹ́ dín kù níbẹ̀? Ilẹ̀ ni oòrùn ń mú gbóná, ilẹ̀ ló wá ń mú atẹ́gùn tó wà lórí ẹ̀ gbóná, bí atẹ́gùn yẹn bá sì ń gòkè, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín kù, ó ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ni ooru ẹ̀ ń lọ. Mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ó máa ń já wálẹ̀ tó dígírì mẹ́fà ààbọ̀. Denver wà ní mítà 1,600, Eisenhower Tunnel tí ọ̀nà I-70 gbà kọjá wà ní nǹkan bíi 3,400, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 12. Òkè Kilimanjaro ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, síbẹ̀ yìnyín wà lórí ẹ̀.

Ti ọjọ́ méjì tí ò jọra náà ò ṣòro. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ máa ń mú ìlú gbóná; tí òtútù Kánádà bá wá já wọlé, tí atẹ́gùn ìlà oòrùn gbé ọ̀rinrin dé, tó forí sọ òkè tó sì ń gùn ún, yìnyín nìyẹn.

Mi ò ní àsọtẹ́lẹ̀ kì í kùnà o. Iye ínṣì tó máa bọ́ ló máa ń ṣòroó mọ̀ jù, torí nígbà míì dígírì kan tàbí méjì ló ń pinnu bóyá òjò ni àbí yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ Glenwood Springs nígbà Àjíǹde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti Denver nìkan, ẹ wo ti orí òkè tẹ́ ẹ máa gbà kọjá. Òfin tó ní táyà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dáa fún yìnyín lórí I-70 láàrin Morrison sí Dotsero ò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Ẹ yẹ táyà yín wò kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kóòtù àwọn ọmọ wà níbi tọ́wọ́ ti lè tó o, kó má lọ wà lábẹ́ ẹrù nínú búùtù.