Físíothẹ́rápì ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀ka físíothẹ́rápì yìí wà fún àwọn tí àrùn ọkàn, ásímà, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí iṣẹ́ abẹ àyà ti sọ di ẹni tó ń mí hẹlẹ bó bá rìn díẹ̀. Eré ìmárale àti ìdánrawò mímí ni oògùn ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ

Ní Nàìjíríà, físíothẹ́rápì lápapọ̀ lèèyàn ń kọ́kọ́ kà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1966. Ó wà ní Èkó àti Ilé-Ifẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Ọdún 5 ni, tàbí 6 níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di DPT (oyè Doctor of Physiotherapy). Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, intanṣípù ọdún kan àti iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó sábà máa ń di ìgbà másítà kí ẹnìkan tó yan ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró láàyò.

Ìdánwò ìrìn ìṣẹ́jú 6

Ìdánwò yìí, tó ń wọn bí aláìsàn ṣe lè rìn jìnnà tó ní ìṣẹ́jú 6, ni oníṣẹ́ físíothẹ́rápì (físíò) gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú. Ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tẹ́jú, tó gùn tó mítà 30, ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú àmì ní mítà 3-3. Aláìsàn á kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ju 120 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ kọjá 180/100, wọn kì í sábà jẹ́ kó rìn. Ó lè dúró sinmi, ṣùgbọ́n aago kò dúró.

Físíò kò gbọ́dọ̀ bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ tàbí síwájú, torí ẹsẹ̀ físíò ni aláìsàn á máa tẹ̀ lé. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá kúrú, yíyípo á pọ̀, mítà á sì dín. Ìrìn kejì sábà máa ń gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí ara ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì ń mú èyí tó gùn jù. Làálì dúdú, ọ̀dà èékánná tàbí ọwọ́ tútù lè ṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè fi iye tó ga ju òótọ́ hàn.

Ìwọ̀n eré ìmárale

Fún ẹni ọgọ́ta ọdún tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní 80 bó bá jókòó: 220 − 60 = 160 (ìlù ọkàn tó ga jù fún ọjọ́ orí rẹ̀); 160 − 80 = 80; ìdajì rẹ̀ jẹ́ 40; 40 + 80 = 120. Ìyẹn ni iye ìlù ọkàn láàárín ìṣẹ́jú kan tó lè fojú sùn nígbà eré ìmárale. Iye yìí kò ṣeé gbára lé fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn, irú bíi atenolol. Òṣùwọ̀n Borg (nọ́ńbà 6 sí 20 tí aláìsàn fi ń sọ bí eré náà ṣe le tó lára rẹ̀), láti 11 dé 14, ló dára fún un: kó lè sọ̀rọ̀ já geere, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin.

Ẹni tí wọ́n la egungun àyà rẹ̀ á máa gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà bó bá ń wúkọ́. Iyán gígún di ẹ̀yìn bíi oṣù mẹ́ta.

Lókè òkun

Ní Bìrìtìkó, HCPC (Health and Care Professions Council) ló ń forúkọ físíò sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka yìí ló kọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láàárín àwọn físíò, ní 1985.