Fóònù Kan Náà, Módẹ́ẹ̀mù Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Ń Gbọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jù

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Apple gbé iPhone 7 jáde. Ẹni tó bá to méjì sórí tábìlì lè wò ó títí kó má rí ohun tó yà wọ́n: ojú kan náà, kámẹ́rà kan náà, bátìrì kan náà, chip A10 kan náà. Àfi tó bá dojú wọn délẹ̀, tó wá ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn wọn. Lára ọ̀kan, A1660. Lára èkejì, A1778. Nọ́ńbà yẹn ló ń tú àṣírí ẹni tó ṣe módẹ́ẹ̀mù inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Qualcomm ló ṣe ti A1660, Intel ló ṣe ti A1778. Lórí ìwé, módẹ́ẹ̀mù Qualcomm yìí lè fa dátà tó 600 megabit wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Intel dúró sí 450.

Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí tí àríyànjiyàn bá dé, bẹ́ẹ̀ àwọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ta ló ń rí 450 lójú títì, ká má tiẹ̀ sọ 600? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun tí módẹ́ẹ̀mù ń ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: nínú yàrá tó wà ní kọ̀rọ̀, nínú lífítì, lójú ọ̀nà tó wà láàárín òpó méjì. Nídìí òpó, gbogbo fóònù ló ń gbọ́.

Ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí módẹ́ẹ̀mù ń ṣe gan-an. Ìgbì rédíò ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín fóònù àti òpó. Módẹ́ẹ̀mù ló ń tẹ́tí sí ìgbì yẹn, tó ń ṣa ọ̀rọ̀ kúrò nínú ariwo, tó sì ń dá èsì padà. Lórí 4G, ègé-ègé ni wọ́n pín iṣẹ́ náà sí, ègé kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Òpó kì í ṣàdédé da dátà lé fóònù lórí. Ó máa ń fẹ́ mọ bí fóònù ṣe ń gbọ́ òun sí, módẹ́ẹ̀mù a sì máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí i léraléra, láti 0 dé 15. 15 túmọ̀ sí pé ó ń gbọ́ ketekete. 1 jẹ́ àgbọ́kàgbọ́, 0 sì ni pé ọwọ́ kò tó o mọ́. Nọ́ńbà yìí ni òpó ń wò kó tó di ẹrù. Bí ìgbọ́ràn bá dára, ó lè di bíìtì (ègé dátà tó kéré jù) 6 mọ́ àmì kan ṣoṣo, kódà 8 lórí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti fóònù tó gbà á. Bí kò bá dára tó bẹ́ẹ̀, á di 4. Bó bá ti burú, 2 péré. Ẹrù tó jẹ́ 6 tẹ́lẹ̀ ti wá di ìdá mẹ́ta rẹ̀ nìyẹn, a ò sì tíì ka àwọn bíìtì àfikún tí òpó ń fi kún un kí fóònù lè fi wọ́n tún àṣìṣe ṣe. Bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àfikún yẹn náà ń pọ̀ sí i.

Ìwà módẹ́ẹ̀mù máa ń hàn níbi nọ́ńbà yìí. Ká ní ọ̀kan ń fọ́nnu: 9 ló ń gbọ́, ó ní 12. Òpó á di ẹrù ńlá fún un, kò ní rí i tú, á ní kí òpó tún un fi ránṣẹ́. Lórí 4G tó wọ́pọ̀, ìdá 8 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló máa ń gbà kí ẹrù kan náà tó padà dé. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, fídíò á máa dúró. Ká ní èkejì jẹ́ ojo: 9 ló ń gbọ́, ó ní 6. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́, kò sí ẹrù tó máa sọnù, ó kàn ń gba ẹrù tó kéré sí agbára rẹ̀ ni, ẹni tó ni fóònù á sì máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí módẹ́ẹ̀mù dárúkọ nọ́ńbà tó ga jù tí àṣìṣe ìgbà àkọ́kọ́ kò fi ní ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ètò náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbà á láàyè. Módẹ́ẹ̀mù tí kì í ṣàṣìṣe rárá ń fi agbára ṣòfò.

Ohun kejì tó ń yà wọ́n ni ariwo tara wọn. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbọ́ rédíò ló ní híhó tirẹ̀ nínú, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ tún ń hó. Bí òpó bá wà nítòsí, ohùn rẹ̀ bo híhó yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà. Bí òpó bá jìnnà ni híhó inú ẹ̀rọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohùn òpó du àyè.

Láti mọ bí ohùn náà ṣe lágbára tó, dBm la fi ń wọ̀n ọ́n. 0 dBm jẹ́ milliwatt kan, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún watt. Gbogbo ìgbà tí a bá fi 10 sọ̀ kalẹ̀, agbára náà á di ìdá mẹ́wàá ohun tó jẹ́. Tí a bá fi 3 sọ̀ kalẹ̀, á di ìlàjì. Fóònù tó ń gbọ́ −85 wà ní ibi tó dára. Èyí tó ń gbọ́ −115, ohun tó ń dé etí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti èkíní, síbẹ̀ ìpè ṣì lè wọlé. Igi kéékèèké tó máa ń wà lókè ojú fóònù kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye dBm tí òun máa pè ní igi mẹ́ta. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì iPhone 4 ń lọ sílẹ̀ tí wọ́n bá dì í mú, Apple fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìṣirò tí òun fi ń ka igi kò tọ̀nà rárá, pé ó ń fi igi méjì kún un níbi púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé “èmi ní igi mẹ́rin, ìwọ ní méjì” kò tíì sọ nǹkan kan nípa módẹ́ẹ̀mù.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti fi méjì wéra ni kí a yọ ayé kúrò láàárín wọn. A ó ti fóònù mọ́ inú àpótí irin tí ìgbì kankan láti ìta kò lè wọ̀, a ó sì so ẹ̀rọ kan tó ń ṣe bí òpó mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà á máa fi dátà ránṣẹ́, a ó sì máa dín agbára ìgbì kù díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa kọ iye dátà tó wọlé sílẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, a ó yọ fóònù yẹn kúrò, a ó fi èkejì sí ojú ibẹ̀ gan-an, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ohun tí Cellular Insights, ilé-iṣẹ́ kan tó ń dán fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, ṣe ní ọdún 2016 nìyẹn, pẹ̀lú iPhone 7 Plus méjì àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Rohde & Schwarz. −85 dBm ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dán an wò lórí báńdì mẹ́ta, ìyẹn ọ̀wọ́ ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, fóònù méjèèjì ń sáré pọ̀ bí ọmọ ìyá. Lórí ọ̀kan nínú àwọn báńdì náà, nígbà tí wọ́n dé −105, ti Qualcomm ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún yọrí. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ dé −108, àlàfo náà fò dé ìdá 75. Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín −105 àti −108: ìgbì kàn dín sí ìlàjì ni, kò ju bí ìgbà tí ènìyàn rìn wọnú yàrá kejì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì ń gbọ́, èkejì ti ń sọ pé “kí lẹ wí?” Ní àpapọ̀, wọ́n ní ti Qualcomm fi ju ìdá 30 lọ dára ju ti Intel.

Apple fèsì pé kò sí ìyàtọ̀ tí ènìyàn lè fura sí láàárín àwọn fóònù náà. Àwọn kan pè é ní irọ́. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń gbé nídìí òpó kò ní fura sí nǹkan kan láéláé. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní −108 máa fura lójoojúmọ́. Ìṣirò gbogbogbòò tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ á sì bo ìyà ẹni kejì mọ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni Bloomberg gbé ìròyìn pé, ó jọ pé Apple kò jẹ́ kí módẹ́ẹ̀mù Qualcomm lo gbogbo agbára rẹ̀, kí èyí tó yára má bàa fi èyí tó lọ́ra sílẹ̀ jìnnà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àpótí irin. Ojú títì àti inú ilé la ti máa ń dán fóònù wò, ibẹ̀ sì kún fún ìtànjẹ. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù: ènìyàn gbé fóònù méjì sórí tábìlì kan, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì tẹ ìdánwò ìyára lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jọ pé ó ṣe dáadáa, àbí? Àṣìṣe méjì ló ti ṣe. Àkọ́kọ́, àwọn fóònù náà ń bá ara wọn du àyè lórí òpó kan náà. Bí ọ̀kan bá ń gbà, èkejì ń dúró. Èkejì, wọn kò sí ní ibì kan náà lójú ìgbì. Ìgbì 1800 MHz, ọ̀kan lára àwọn tí 4G ń lò, gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ó ń lu ògiri, ó ń padà, ó ń pàdé ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Níbòmíì ó ń ti ara rẹ̀ lẹ́yìn, níbòmíì ó ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Tí a bá sún fóònù ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré, ó lè bọ́ láti orí òkè sínú kòtò. Ọ̀pọ̀ “ìyàtọ̀ módẹ́ẹ̀mù” tí àwọn ènìyàn ń fi fídíò hàn, ìyàtọ̀ ibi tí fóònù dúró sí ni.

Bó ṣe yẹ kó rí ni kí a fi nǹkan sàmì sójú ibi kan, kí fóònù kìíní dúró síbẹ̀, kí a dán an wò, kí a gbé e kúrò, kí èkejì gba ipò rẹ̀. Síìmù kan náà ni kí a máa yí láti inú ọ̀kan sí èkejì, nítorí pé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fún síìmù méjì ní ìtọ́jú tó yàtọ̀. Òpó tó ṣófo ní aago márùn-ún àárọ̀ lè kún fọ́fọ́ ní aago méje alẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí a parí gbogbo ìdánwò èkíní kí a tó bẹ̀rẹ̀ ti èkejì. Èkíní, èkejì, èkejì, èkíní, kí a sì tún un ṣe, bóyá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àárín gbùngbùn àwọn èsì ni kí a mú, ká fi èyí tó ga jù sílẹ̀, ó máa ń dùn-ún wò lójú ju bó ṣe jẹ́ òótọ́ lọ.

Kí a tó ka èsì kankan sí, ó yẹ ká mọ báńdì tí fóònù kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀. Lórí iPhone, tí a bá tẹ *3001#12345#* bí ẹni fẹ́ pe nọ́ńbà, ojú ewé kan á ṣí tó ń fi báńdì àti dBm hàn. Lórí ọ̀pọ̀ Android, *#*#4636#*#* ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà lórí 700 MHz tí èkejì wà lórí 2600, a ò fi módẹ́ẹ̀mù wéra rárá, ìgbì la fi wéra. Ìgbì 700 ń wọ ògiri dáadáa ju 2600 lọ, ṣùgbọ́n 2600 sábà máa ń ní àyè tó fẹ̀ jù fún dátà.

Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń dẹ́bi rẹ̀ fún módẹ́ẹ̀mù ni báńdì tí kò sí nínú fóònù rárá. Fóònù tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè kan lè má ní báńdì tí òpó orílẹ̀-èdè mìíràn ń lò. A1778 kò lè gbọ́ CDMA, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ kan, rárá, torí náà kò wúlò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbára lé e; ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe ń gbọ́ 4G. Galaxy S náà máa ń jẹ́ fóònù kan náà tó ní módẹ́ẹ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: S24 tí Samsung gbé jáde ní 2024 ní Snapdragon (chip Qualcomm) nínú ní Amẹ́ríkà, ó ní Exynos (chip Samsung fúnra rẹ̀) ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ S23 tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ Snapdragon káàkiri ayé. Ẹni tó bá ka ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà kó tó ra S24 ní Yúróòpù ti ka ìwé fóònù mìíràn.

Sọ́fítíwià inú módẹ́ẹ̀mù náà tún ń yí padà. Ìmúdójúìwọ̀n kan lè tún bó ṣe ń ka nọ́ńbà 0 dé 15 yẹn ṣe, kí fóònù tó jẹ́ ojo lóṣù tó kọjá di akin. Èsì tí kò bá kọ nọ́ńbà sọ́fítíwià mọ́ ara rẹ̀ ti di ìtàn kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ìyára ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀n, àmọ́ bátìrì máa ń fi ìyàtọ̀ hàn kíákíá jù ú lọ. Bí òpó bá jìnnà, fóònù á gbé ohùn tirẹ̀ sókè kí òpó lè gbọ́, òkè tí ó sì lè gbé e dé lórí 4G tó wọ́pọ̀ ni 23 dBm, ìyẹn 200 milliwatt. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rẹlẹ̀, méjèèjì ló máa ń kígbe dé òkè yẹn. Èyí tí ẹrù rẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan á parí, á sùn. Èyí tó ń tún un fi ránṣẹ́ á ṣì máa kígbe lọ. Ẹ ṣájì méjèèjì kún, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ibi tó wà ní −110, ẹ fi fídíò kan náà ránṣẹ́ láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ wá wo iye tó kù nínú bátìrì àti èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná.