Táńkà tó ṣubú tí kò tíì gbiná

Táńkà epo tó bá ti ń jó, kò sẹ́ni tó ń dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kó sá. Èyí tó ṣubú tí kò tíì gbiná ni wàhálà tèmi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè kọjá, wákàtí kan pàápàá, kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì á sáré lọ gbé kẹ́ẹ̀gì nílé.

Bó ṣe rí nìyẹn ní Majiya ní Jigawa, oṣù kẹwàá 2024, èèyàn tó lé ní 140 ló kú, epo ni ọ̀pọ̀ wọn lọ gbọ́n. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, January 18, 2025, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, táńkà tó gbé 60,000 lítà. Wọ́n ní wọ́n ń fa epo ẹ̀ sínú ọkọ̀ míì ni, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń fà á. Jẹnẹrétọ̀ o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo tó ń ṣàn! Àwọn tó lé ní 80 ló bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Epo bẹntiróòlù fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń jó, oru tó ń jáde lára ẹ̀ ni, ojú ò sì rí i. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń fà lọ bí ejò, á wọ gọ́tà, á wọ kòtò, títí táá fi bá iná pàdé níbi tí ẹnì kankan ò fọkàn sí, bóyá lábẹ́ agbada alákàrà tó wà lójúlé kẹta, bóyá lára ọkadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kíìkì, iná náà á wá gba ojú ọ̀nà yẹn sáré padà sídìí táńkà. Òtútù ọyẹ́ gan-an ò lè dá oru náà dúró. Ìdí nìyí tí ẹni tó dúró lókèèrè tó ń fi fóònù ya fídíò náà fi ń jóná.

Màmá kan gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá níbi tá a ti ń lé èèyàn sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní "Ọmọ mi, iná ò kúkú sí ńbẹ̀." Mo kúnlẹ̀, mo ní "Màmá, torí ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín." Mo mọ iye tí wọ́n ń ta epo, mi ò lè bú wọn.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú gosiló tẹ́ ẹ gbóòórùn epo, ẹ pa mọ́tò, ẹ má tún un kíìkì mọ́, ẹ gbé ọmọ yín kẹ́ ẹ máa lọ. Lórí bíríìjì Otedola lọ́jọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná, èèyàn 9 kú. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, apá ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó ga. Ó kéré tán 300 mítà, tíná bá ti mú táńkà náà, 800, tó bá jẹ́ ti gáàsì ìdáná, ìlọ́po méjì ìyẹn, torí ó lè bú gbàù. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti jìnnà tán lẹ tó máa pe 112 tàbí 122 àwọn Road Safety, kẹ́ ẹ sọ ibi tó ṣubú sí àti ohun tí wọ́n kọ sára táńkà.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé C-caution jìnnà dáadáa, ẹ dá ọkọ̀ dúró lápá méjèèjì. Ẹ má da omi sí i, epo á kàn léfòó lórí ẹ̀ ni, omi náà á sì gbé e lọ ilé onílé. Fóòmù àwọn panápaná ló ń bò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó bá sì fẹ́ ṣèrànwọ́, kí wọ́n gba apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, torí ibẹ̀ ni oru náà ń lọ, àmọ́ kó jẹ́ níbi tó jìnnà, tí epo àti òórùn ẹ̀ ò tíì dé, kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn: ẹ pa ààrò, ẹ pa sítóòfù, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jáde.